Kọ́ọ̀bù Aláàmì Pupa

Ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé náà kò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi gbé Miriam Ajíbádé sẹ́yìn ọ̀kadà, tí wọ́n ní kó máa lọ sóko. Kì í ṣe pé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ o. Wọ́n ti ká kòkó tán, ìwọ̀nba èyí tí wọ́n sá sórí ẹní kò ju ohun tí ọwọ́ kan lè yí padà lọ. Ẹrù rẹ̀ kò pọ̀: àpò oògùn, aṣọ òtútù, àwo irin kan, ṣíbí kan, àti kọ́ọ̀bù irin kan. Lára àwo, lára ṣíbí, lára kọ́ọ̀bù, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ lẹ́tà M, irú ọ̀dà tí wọ́n fi ń sàmì sára àpò kòkó. Ọkọ rẹ̀ ló kọ ọ́. Ó sì kọ ọ́ dáadáa, nítorí hẹ́dímásítà ni kó tó fẹ̀yìntì, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ̀wé sójú pátákó.

Ẹ má tíì bi mí pé kí ló dé. Mo ń bọ̀ níbẹ̀. Inú ló ń bí mi, ẹni tínú ń bí kì í sọ̀rọ̀ létòlétò.

"Màmá Túnmiṣe," ni Ezekiel ọkọ rẹ̀ wí, "títí di ìrọ̀lẹ́ péré ni o. Bí àwọn àlejò bá ti lọ báyìí, a ó rán ọlọ́kadà padà sí ẹ."

"Ó dáa," ni Miriam wí. "Ẹ sọ fún Túnmiṣe kó jẹ́ kí uṣu yẹn jinná dáadáa o, kí uyán má lọ ní kókó níwájú àna. Ẹja tútù wà nínú abọ́ tí mo dé mọ́lẹ̀."

Ó fẹ́ sọ òmíràn, ikọ́ gbé e. Ikọ́ Miriam kì í ṣe ikọ́ kékeré. Láti ìsàlẹ̀ ikùn ló ti ń bọ̀, á mì í títí, omi á máa jáde lójú rẹ̀, ọlọ́kadà pàápàá di ọwọ́ ọ̀kadà mú gírígírí. Ezekiel sún sẹ́yìn lẹ́sẹ̀ méjì. Kò rò ó kó tó sún. Oṣù mẹ́rìnlá ló ti ń sún sẹ́yìn bẹ́ẹ̀, ó ti mọ́ ọn lára.

Ọ̀kadà gbéra. Lójú fèrèsé, Túnmiṣe, ọmọbìnrin wọn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo èyí, ń wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ títí wọ́n fi yà sí ọ̀nà oko. Kò jáde wá. Ojú ń tì í láti jáde.

Ọ̀rọ̀ náà kò ju báyìí lọ. Àwọn ará Ìlórò ń bọ̀ ní aago mọ́kànlá láti wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, nítorí Ìyìnolúwa ọmọ wọn fẹ́ fi Túnmiṣe ṣaya. Ẹ mọ ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé wèrè kò sí nínú ẹbí yìí? Ṣé wárápá kò sí? Ṣé ikọ́ fée kò sí? Miriam sì rèé, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi í sórí oògùn ikọ́ fée ní ilé ìwòsàn. Ó lo ti àkọ́kọ́ pé oṣù mẹ́fà, kò fo ọjọ́ kan, ikọ́ kò lọ. Wọ́n ní bóyá kò lò ó dáadáa ni. Wọ́n tún fi í sórí ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn ti wọ oṣù karùn-ún báyìí, ikọ́ náà ń bẹ níbẹ̀. Inú yàrá tí wọ́n ń kó gààrí sí lẹ́yìnkùlé ló ń sùn. Ezekiel, tó jẹ́ wọ́dìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún fíkà, àlùfáà ìjọ wọn, pé kí ìyàwó òun má mu nínú ife ìdàpọ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, bí àwọn yòókù bá lọ kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, Miriam á jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, á máa wo bàtà rẹ̀.

Ta ló dá àbá oko? Àbẹ̀kẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n Ezekiel. "Bí wọ́n bá gbọ́ ikọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan, ó parí," ló wí. "Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nìyí, Ezekiel. Ṣé títí á fi hewú lo fẹ́ kó máa bá ọ gbélé?" Ezekiel kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn lọ bá ọlọ́kadà sọ̀rọ̀.

Nígbà tí fóònù dún, òun nìkan ló wà ní pálọ̀, ó ń to àga. Ó gbójú sókè wo aago ara ògiri kó tó gbé e, ìṣe rẹ̀ ni, kò sí ohun tí kì í fi aago wò. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Pius ni." Pius ni ọ̀gbẹ́ni ìlera tó ń ti Ìjerò wá wo àwọn tó ń lo oògùn ikọ́. Òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ipò náà, òun ló sì wò ó pé ọ̀rọ̀ Miriam kò yé òun, tó gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tó fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. "Bàbá, èsì ti dé. Kì í ṣe ikọ́ fée."

"Kí lẹ wí?"

"Kì í ṣe ikọ́ fée rárá. Wọ́n ti yẹ DNA kòkòrò náà wò, òmíràn ni. Inú ilẹ̀ àti inú omi lòun ń gbé. Kì í ti ara ẹnì kan ran ẹlòmíràn, Bàbá. Gbogbo oògùn tí Màmá ti ń lò, kì í ṣe tirẹ̀. Dókítà ní kó dá a dúró. Ẹ jọ̀ọ́, kó má lo ti àárọ̀ yìí. Mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

Ezekiel jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga tó ń tò. "Ẹ má wá lónìí," ló wí. "A ní àlejò pàtàkì. Ẹ wá ní Mọ́ńdè."

"Bàbá, èyí kò ṣeé fi di Mọ́ńdè o. Màmá ti…"

Nẹ́tíwọ̀kì gé e. Ezekiel fi fóònù sápò.

Ibí yìí gan-an ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tó ti yẹ kí ojú ti ọkùnrin yìí, ẹ má wá a lọ síbòmíràn. Ọ̀kadà pọ̀ nílùú. Kó tó di aago mẹ́jọ, ì bá ti lọ gbé ìyàwó rẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó ń rò ó. Ikọ́ kò mọ̀ pé èsì ti dé. Bí Miriam bá wà nílé, á wúkọ́, ará Ìlórò á gbọ́, ta ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í la DNA yé wọn? Ikọ́ nìkan ni wọn yóò gbé padà lọ sílé. Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá, kí ni wákàtí mẹ́jọ lè fi ṣe é? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rò ó, ó sì dìde, ó ń to àga lọ.

"Ta ló pè yín, Bàbá?" ni Túnmiṣe béèrè lẹ́nu ọ̀nà.

"Ará ṣọ́ọ̀ṣì ni," ló dáhùn.

Ní ilé ìdáná, kò sí àlàáfíà. Túnmiṣe ń bẹ iṣu, omijé ń bọ́ sórí iṣu, Àbẹ̀kẹ́ sì ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó fọ́ àwo.

"Nu ojú ẹ. Ṣé ọjọ́ ẹkún rèé?"

"Àǹtí, ọmọ wo ló ń ṣe ohun tí à ń ṣe yìí?"

"Ọmọ tó bá fẹ́ lọ sílé ọkọ ló ń ṣe é. Kí ni mo ṣe fún ìyá ẹ? Ṣé mo lé e ni? Mo ní kó lọ fi oko najú. Oko rẹ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n."

"Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ ńkọ́?"

"Hẹ̀n-ẹ́n! Èmi lo ń sọ ọ́ sí? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n rí irú àrùn yẹn, ọmọ yìí!"

Ìyá Àánú, aládùúgbò wọn, yọjú lórí ògiri. Obìnrin yìí kò burú, àmọ́ ojú rẹ̀ kì í sùn. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí Màmá Túnmiṣe lẹ́yìn ọ̀kadà láàárọ̀ kùtù. Ṣé ayọ̀ ni?"

"Ayọ̀ ni," ni Àbẹ̀kẹ́ wí. "Ó lọ kí àbúrò ẹ̀ ní Aramọko ni. Ara ẹni yẹn ò yá."

"Aramọko?" Ìyá Àánú fi ọwọ́ nu ẹnu. "Ọ̀nà oko mà ni mo rí i tí wọ́n gbà."

Túnmiṣe da iṣu sínú ìkòkò. Ìyá Àánú wo Àbẹ̀kẹ́, ó wo ìkòkò, ó ní ẹ kú ìnáwó, ó sì yọ orí rẹ̀ kúrò. Kí iṣu tó hó, ilé mẹ́ta ti gbọ́ pé wọ́n ti gbé alárùn ikọ́ kúrò nílé nítorí àna.

Aago mọ́kànlá géérégé ni àwọn ará Ìlórò dé. Mẹ́ta ni wọ́n: Bàbá Bọ́látitó tó jẹ́ bàbá Ìyìnolúwa, ọkọ ìyàwó, àgbẹ̀ tó sanra tó sì fẹ́ràn ẹ̀rín; àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀; àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ọlájùmọ̀kẹ́, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìntì, tó fi gíláàsì sójú. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n mu omi, wọ́n mu mọ́ọ̀tì. Wọ́n bá ara wọn ṣeré lórí ọ̀rọ̀ kòkó àti iye tí wọ́n ń rà á báyìí.

"Ó dáa o," ni Bàbá Bọ́látitó wí, "a ti rí Hẹ́dímásítà, a ti rí Àǹtí wa, a ti rí ìyàwó wa tó ń sá lójú wa. Ìyá ọmọ ńkọ́? Òun gan-an la fẹ́ kí."

"Ó lọ sí Aramọko," ni Ezekiel wí. "Àbúrò rẹ̀ ni kò gbádùn. Lójijì ni."

"Yéè, ó mà ṣe o. Lónìí gan-an?"

"Lónìí gan-an."

Ọlájùmọ̀kẹ́ bọ́ gíláàsì, ó nù ún. "Ṣé òun fúnra rẹ̀ ṣá gbádùn?"

"Ara rẹ̀ le koko."

"Ìyàwó wa?" ni Àbẹ̀kẹ́ gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. "Ẹ̀fọ́rí lásán kì í ṣe é! Bó ti ń lọ sóko ló ń lọ sọ́jà."

Bàbá Bọ́látitó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, àṣà la ń tẹ̀ lé, ẹ mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ béèrè. Nínú ilé yìí, wèrè, wárápá, ikọ́ fée, ẹ̀tẹ̀, kò sí èyí tó wà níbẹ̀?"

"Kò sí o," ni Ezekiel wí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n béèrè obìnrin yìí lọ́nà mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ rẹ̀ sẹ́ ẹ. Ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì fún ìjọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó yẹ kó rántí ẹni tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Bóyá ó rántí. Mo mọ̀ pé ó ń làágùn, oòrùn kò sì tíì mú.

Wọ́n gbé iyán kalẹ̀. Iyán náà dára, kò ní kókó kankan, ó ń rú èéfín wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí pẹ̀lú ẹja tútù, ẹran ìgbẹ́ nínú abọ́ ọ̀tọ̀. Wọ́n ti fọ ọwọ́ tán, Bàbá Bọ́látitó ti ní "Ẹ jẹ́ ká súre sí i," nígbà tí máṣìnnì kan wọ àgbàlá. Pius ni. Eruku ọ̀nà Ìjerò ti pọ́n ọn lójú, àpò ìwé rẹ̀ wà léjìká.

"Ẹ kú àlejò o," ló wí, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, ẹ má bínú, mo ní n kàn wá béèrè ni. Ṣé Màmá kò lo oògùn àárọ̀ yẹn?"

Àbẹ̀kẹ́ dìde. "Màmá wo? Ọ̀gbẹ́ni, ẹ ti ṣìlé."

Pius wò ó tìyanutìyanu. "Àǹtí, èmi ni o. Ẹ̀yin lẹ gbé àga fún mi nígbà tí mo wá lóṣù méjì sẹ́yìn."

"Bàbá," ni Túnmiṣe wí. Ó ti gbé abọ́ ìfọwọ́ dání. "Oògùn wo ni wọ́n ní kí Màmi má lò?"

Ezekiel fa agbádá rẹ̀ sórí èjìká.

"Ẹ̀yin lẹ pè láàárọ̀?" Pius ni Túnmiṣe ń bi báyìí.

Pius mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ó wo Bàbá, ó wo àlejò. "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká bọ́ síta. Ọ̀rọ̀ aláìsàn ni, kì í ṣe ti gbangba."

"Rárá o. Ibí yìí la ti purọ́, ibí yìí náà ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́." Túnmiṣe gbé abọ́ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sójú ẹsẹ̀ àwọn ará Ìlórò. "Ẹ̀yin àgbà, ìyá mi kò sí ní Aramọko. Inú ahéré oko wa ló wà. Wọ́n ní ó ní ikọ́ fée, ojú tì wá, a gbé e pamọ́ nítorí yín. Èmi náà wà níbẹ̀. Mo wò ó lójú fèrèsé tí wọ́n gbé e lọ, mi ò sọ pé rárá."

Ẹkún gbé e. Àbẹ̀kẹ́ káwọ́ lérí. Ọlájùmọ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn jẹ́jẹ́ ló sì fi sọ ọ́: "Dìde, ọmọ mi. Ọ̀gbẹ́ni, nọ́ọ̀sì ni mí, ọmọ rẹ̀ sì ti ní kẹ́ ẹ sọ ọ́. Kí lẹ bá wá?"

Pius yọ ìwé èsì. "Mà, awò tó ń sọ kòkòrò di ńlá lójú lásán ni wọ́n fi wo kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Màmá níjọ́un. Kòkòrò yìí àti ti ikọ́ fée, tẹ́ ẹ bá fi awò wò wọ́n, ojú wọn jọra bí ìbejì. Ìyẹn ni gbogbo wọn fi ṣìnà. Ìgbà tí wọ́n ṣe DNA fún un ní Ìbàdàn, bí wọ́n ti ń ṣe é láti fi mọ bàbá ọmọ, ni wọ́n tó rí i pé wọn kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà. Èyí kì í ràn. Àtijẹ àtimu, àtisùn, kò sí èyí tí Màmá kò lè bá ènìyàn ṣe."

"Mo ti máa ń gbọ́ nípa irú ẹ̀," ni Ọlájùmọ̀kẹ́ wí. Ó yíjú sí Ezekiel. "Hẹ́dímásítà, ọkọ mi tó dolóògbé ní ikọ́ fée gidi. Èyí tó ń ràn. Ó lo oògùn rẹ̀ pé, ó sàn, ó sì tún lo ọdún mọ́kànlá láyé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó yìí ló ń gbé oúnjẹ wá fún un. Ẹ wá rò pé ikọ́ ló máa lé wa?"

Bàbá Bọ́látitó kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó na ọwọ́ sínú abọ́, ó fọ ọwọ́ tí kò tíì fi jẹun, ó sì nù ún. Ní Èkìtì tiwa, bí ènìyàn bá fọ ọwọ́ kúrò nídìí iyán tí kò tọ́ wò, kò sí èébú tó ju ìyẹn lọ, bẹ́ẹ̀ ẹnu rẹ̀ dùn.

"A kò bínú o," ló wí. "Ọmọ yín wù wá, ní báyìí ló tún wá wù wá jù. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ la wá kí. Ọjọ́ tó bá wà nílé, tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé omi fún wa, ẹ ránṣẹ́ sí wa. A ó wá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ iyán wò," ni Ezekiel bẹ̀ wọ́n.

"Iyán tí ẹni tó ni ín kò sí nílé," ni àbúrò Bàbá Bọ́látitó tí kì í sọ̀rọ̀ wí. Kò parí rẹ̀. Wọ́n jáde lọ sídìí ọkọ̀ wọn.

Ìyá Àánú ti wà lórí ògiri. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò béèrè nǹkan kan. Ó wo Ezekiel nínú agbádá rẹ̀ lágbàlá, ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Ezekiel ì bá fẹ́ kó bú òun.

Wọ́n rọ́ iyán sínú kúlà, wọ́n bu ọbẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Pius gbé Túnmiṣe sẹ́yìn máṣìnnì rẹ̀, Ezekiel gun ọ̀kadà tẹ̀lé wọn pẹ̀lú kúlà lórí itan. Kò bọ́ agbádá. Igi etí ọ̀nà ń fà á, ó ń ya, kò kà á sí.

Miriam jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ahéré, ó ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó padà. Bó ti rí wọn, ó dìde, ó fa ìborùn bo ẹnu rẹ̀ kíá, ó sì bọ́ sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ kò ní gbé èémí rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Túnmiṣe rí i. Ibi tó dé náà ló dúró sí.

"Wọ́n ti lọ?" ni Miriam béèrè. "Ṣé wọ́n jẹun?"

Ezekiel sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, kúlà wúwo lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé uyán yẹn ní kókó ni?"

"Màmá," ni Pius wí, "ẹ jókòó. Ṣé ẹ lo oògùn àárọ̀?"

"Mo lò ó. Kò dúró nínú, ó jáde padà. Bó ṣe ń ṣe mí rèé láti ọjọ́ mẹ́ta."

Pius fọwọ́ bo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí awò dé orí DNA. Ó ní inú ilẹ̀ tàbí inú omi ló ti ṣeé ṣe kó rí i, wọn kò lè mọ èwo. Ó ní oògùn tirẹ̀ gùn, ó lè ju ọdún kan lọ, yóò sì lọ rí dókítà ní Adó. Miriam ń gbọ́.

"Nítorí náà," ló wí, "mi ò kó o ran ẹnì kankan?"

"Kò sẹ́ni tẹ́ ẹ kó o ràn, Màmá."

"Àdúràolúwa, ọmọ ọmọ mi tó wà ní Adó, ti pé ọmọ ọdún kan lóṣù tó kọjá. Mi ò tíì gbé e rí. Ẹ̀yìn ọ̀nà ni mo ti ń wò ó bí wọ́n bá gbé e wá. Mo lè gbé e?"

"Ẹ pọ̀n ọ́n, Màmá. Ẹ pọ̀n ọ́n títí ẹ̀yìn á fi dùn yín."

Miriam sọ ìborùn kúrò lẹ́nu. Ojú rẹ̀ ti rù, eyín rẹ̀ hàn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún fi ọwọ́ bò ó, ó sì sọ ọwọ́ náà kalẹ̀ nígbà tó rántí. "Ọlọ́run ṣeun o. Ìgbà wo lẹ̀yin gbọ́ ọ?"

Ó ṣeé ṣe kí Pius má mọ ohun tó wà nínú ìbéèrè náà. Ó ní, "Àárọ̀ yìí ni o. Bí mo ti rí i báyìí ni mo pe Bàbá. Aago méje kọjá díẹ̀."

Miriam yíjú sí ọkọ rẹ̀. Oòrùn ti kọjá àtàrí, ó ti ń lọ sí aago mẹ́ta.

"Aago méje," ló wí. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbálẹ̀ ni. Mi ò tíì lo oògùn."

Ọkùnrin tó na ọmọdé lẹ́gba fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nítorí pé wọ́n pẹ́ẹ́ dé sílé ìwé, ilẹ̀ ló ń wò. "Miriam," ló wí. Ó gbé kúlà wá síwájú rẹ̀, ó ṣí i, ó sì jókòó tì í lórí ilẹ̀ pẹ̀lú agbádá yíya, níbi tí ikọ́ rẹ̀ ti lè dé. Ó ní, "Jẹ́ ká jọ jẹ ẹ́."

Miriam wò ó títí. Ó bu omi láti inú kèǹgbè sínú kọ́ọ̀bù. Kò sí kọ́ọ̀bù mìíràn nínú ahéré náà ju èyí tí wọ́n kọ M sí lára lọ. Kò mu ún. Ó nà án sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ kọ́kọ́ mu omi, Bàbá Túnmiṣe. Ọ̀nà jìn."

Ezekiel gbà á. Ó mọ̀ pé kò ràn. Ó ti mọ̀ ọ́n láti aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n tún ti tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì létí rẹ̀. Ó gbé kọ́ọ̀bù náà sókè. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kan ètè, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kò pẹ́, kò tó ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ọwọ́ náà dúró.

Miriam rí i.

Ó gba kọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, kò já a gbà. Ó mu omi náà tán, ó gbọn ẹ̀kán omi tó kù sílẹ̀, ó sì dojú kọ́ọ̀bù dé sórí àwo rẹ̀, ibi tó máa ń gbé e sí.